Kí Aláìsàn Tó La Ẹnu: Àjọṣe Dókítà Eyín àti Ẹni Tó Ń Tọ́jú

  Ẹ̀yin ará Ìrólù, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwà tó yẹ dókítà eyín, àti àjọṣe tó yẹ kó wà láàárín òun àti aláìsàn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni ẹ fi rán mi yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Nínú gbogbo iṣẹ́ ìṣègùn, tiwa ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe lè máa dá dókítà lóhùn bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ lápá lè pariwo pé kí wọ́n rọra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ̀yìn lé àga dókítà eyín, tó la ẹnu, tí iná ń tàn sí i lójú, tí ìka dókítà àti irin méjì wà lẹ́nu rẹ̀, tí rọ́bà tó ń fa itọ́ ń kùn lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, kò sí ohun tó lè sọ ju “ẹ̀n-ẹ̀n” lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá tún ti mú ètè àti ahọ́n rẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ bí ó bá ń gé ahọ́n jẹ. Ohun tó fi ń sọ̀rọ̀, tó fi ń jẹun, tó fi ń rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ ló ti fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun tí mo bá wá síbí lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá tọ́ sí aláìsàn, kí ó tó la ẹnu ni kí a ti sọ ọ́ tán, kí a sì ti gbọ́ tirẹ̀. Dókítà tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá tó, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Àwọn ohun kéékèèké wà tí dókítà lè ṣe. Kí n tó gbé irin kankan, mo máa ń sọ fún ẹni tó wà lórí àga pé, “Bí ó bá dùn yín, ẹ gbé ọwọ́ òsì yín sókè, màá dúró.” Ọwọ́ òsì ni, nítorí apá ọ̀tún rẹ̀ ni èmi máa ń jókòó sí; bó bá ju ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó lè gbá irin mọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ni. Bí ó bá gbé ọwọ́ sókè tí mo wá ní, “Ó ku díẹ̀, ẹ fara dà á,” mo ti da ẹ̀jẹ́ náà, kò sì yẹ kó gbà mí gbọ́ mọ́. Àwọn àgbà ní bójú bá yẹjú, kóhùn má yẹhùn. Lórí àga tiwa, ojú kì í yẹjú rárá, a sún mọ́ra débi pé a ń gbọ́ èémí ara wa, síbẹ̀ ohùn máa ń yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá sí àárín wa, láìdárúkọ rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀. Ìyá tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá. Bí wọ́n ṣe wọlé, ọmọ náà gbé fóònù sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní London sì yọ lójú fídíò. Ó kí mi dáadáa, ó ní, “Dókítà, ẹ bá wa yọ gbogbo èyí tó kù yẹn dànù, kí ẹ ṣe eyín àtọwọ́dá tó pé fún Mama. Ẹ ṣáà sọ iye tó jẹ́, màá sanwó náà báyìí.” Eyín mẹ́sàn-án ló kù lẹ́nu ìyá. Mo fi ìka mì wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: méjì ń mì, méje dúró digbí. Àwa mẹ́ta ti ń sọ̀rọ̀ lórí ẹnu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan.

Mo bẹ ọmọkùnrin náà kó jókòó síta fún ìgbà díẹ̀. Mo fa àga mi sún mọ́ ìyá, mo yọ ìbòmú mi kó lè rí ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ní, “Mama, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin fẹ́ kí n ṣe?” Ó kọ́kọ́ bojú wo ilẹ̀kùn. Ó ní, “Dókítà, ọmọ mi, ẹran ni mo fẹ́ máa jẹ. Àwọn tó ń mì yìí ni kò jẹ́ n lè jẹ ẹ́. Àwọn tó kù ò ṣe mí ní nǹkan kan, àwọn ni mo sì fi ń jẹ obì.” Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kó dà bíi pé ó ń kọ inú rere wọn. Eyín méjì la yọ. Eyín àtọwọ́dá kékeré kan tó ń gbára lé àwọn méje tó kù la ṣe fún un, èyí tó dúró ju odindi ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí kò sí ohun tó nira láti dúró lẹ́nu arúgbó bí odindi eyín àtọwọ́dá ti ìsàlẹ̀, tí kò ní eyín kankan tí yóò dì mú.

Ẹ má rò pé mo ń bú àwọn ọmọ náà. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá. Láàárín wa, ẹni tó bá san owó ló máa ń sọ̀rọ̀; ọkọ máa ń sọ̀rọ̀ nítorí ìyàwó, ẹ̀gbọ́n nítorí àbúrò, ọmọ tó wà lókè òkun nítorí ìyá tó wà nílé. Ó dára kí ẹbí dúró ti aláìsàn, mi ò fẹ́ kí ó parẹ́ láéláé. Ṣùgbọ́n owó tí a san kò sọ ẹnu ẹlòmíràn di tiwa. Dókítà tó bá gba àṣẹ lẹ́nu fóònù, tó sì yọ eyín méje tó le lẹ́nu arúgbó tó jókòó síwájú rẹ̀ láìbi í, mo mọ̀ pé ó ṣe é láìrò ó ní ibi, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èrò ọkàn tèmi nìkan, òfin ilẹ̀ wa ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lu Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè. Abala 23 rẹ̀ ní dókítà gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe rí, oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà tọ́jú rẹ̀, àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ewu wọn, iye tí wọn yóò ná an, àti ohun tó lè tẹ̀yìn wọn yọ. Ó ní kí dókítà tún sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú, àti ohun tí kíkọ̀ náà lè fà. Apá tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú abala náà nìyí: ó ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí a fi sọ ọ́, kí a sì ro bí ó ṣe kàwé tó mọ́ ọn. Ní Ìrólù níbí, Yorùbá ni òfin náà ń wí. Nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2018, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ igbákejì Ààrẹ nígbà náà, ló ṣí aṣọ lójú Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn ní Àbújá. Ohun tó wà káàkiri inú òfin ni ìwé náà kó jọ, kí ará ìlú lè rí i kà lójú kan. Láti Ìkẹ́nnẹ́ sí ibi tí a wà yìí kò jìnnà, síbẹ̀ bí mo bá bi àwọn aláìsàn mi bóyá wọ́n ti gbọ́ nípa ìwé náà rí, orí ni wọ́n máa ń mì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú ti le jù ni ilé ẹjọ́ ti yanjú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n gbé obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dé ilé ìwòsàn dókítà kan tó ń jẹ́ Okonkwo. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni òun àti ọkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kọ́kọ́ wà ti sọ fún wọn pé ó nílò ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ti kọ̀. Ó mú ìwé tó bu ọwọ́ lù dání pé òun kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Dókítà náà tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tó ń dá ẹjọ́ àwọn dókítà àti dókítà eyín ní Nàìjíríà dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó jàre. Ìgbìmọ̀ náà gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, níbẹ̀ pẹ̀lú, ní ọdún 2001, wọ́n ní dókítà náà kò jẹ̀bi: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú, kódà bí kíkọ̀ náà bá máa yọrí sí ikú.

Ẹjọ́ yẹn kò ní eyín nínú, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan náà ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwa àti àwọn dókítà yòókù, ìlànà kan náà ló sì dè wá. Ó máa ń ṣòro fún mi nígbà mìíràn. Mo ti rí ẹni tí eyín rẹ̀ ti kẹ̀, tó ní òun yóò kọ́kọ́ lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kàn án. Ojúṣe mi ni kí n sọ fún un, láìfi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, pé bí àgbọ̀n rẹ̀ bá ń wú wá sí ọrùn, tí kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, kó má dúró de ilẹ̀ mọ́ kó tó wá. Lẹ́yìn ìyẹn, òun ló ni ìpinnu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá béèrè lọ́wọ́ aláìsàn ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Sweden. Ní ilé ìwòsàn Vipeholm ní ìlú Lund, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ọdún 1945 láti mọ ohun tó ń jẹ eyín èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe tọfí kan tó ń lẹ̀ mọ́ eyín tipátipá, wọ́n ń fún àwọn èèyàn náà jẹ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, títí eyín ọ̀pọ̀ nínú wọn fi jẹrà. Kò sẹ́ni tó gba ìyọ̀ǹda wọn. Ìwádìí yẹn ló fi hàn kedere pé súgà tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí a ń jẹ láàárín oúnjẹ, ló ń ba eyín jẹ́ ju èyí tí a jẹ mọ́ oúnjẹ lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ fún ìyá ọmọ pé kó dín súìtì ọmọ rẹ̀ kù láàárín oúnjẹ méjì, ẹnu àwọn èèyàn yẹn ni ìmọ̀ náà ti wá. Mi ò lè gbàgbé wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ owó, nítorí níbẹ̀ ni àjọṣe ti máa ń bàjẹ́ jù láàárín wa. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ti fi iyọ̀ gbígbóná, ògógóró, tábà, kódà omi bátìrì sí ìdí eyín kí wọ́n tó wá. Bí wọ́n ṣe ń jókòó ni wọ́n ń wí pé, “Dókítà, ẹ bá mi yọ ọ́, kó sá kúrò níbẹ̀.” Dókítà sì lè rí i pé eyín náà ṣì ṣeé gbà là, bí a bá fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, tí a sì dí i. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú gbòǹgbò eyín gba owó ju yíyọ lọ dáadáa, ó sì lè gba kí aláìsàn wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó ń gbé ní Ìrólù, tó ń tajà lọ́jà, bí ó bá ń lọ sí Ṣágámù léraléra, owó ọkọ̀ ńkọ́? Ọjà tí kò pa ńkọ́? Dókítà tó bá fojú ẹni tí kò lajú wo ẹni tó yan yíyọ kò ṣe ìṣirò yẹn mọ́ ọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ ọ̀nà méjèèjì, kó sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sọ pé àwọn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè máa dagun sí ojú ihò náà bí a bá yọ ọ́, kó tún sọ ohun tí òun ì bá ṣe bó bá jẹ́ ẹnu ìyá òun ni. Lẹ́yìn náà, kó gbọ́ tirẹ̀.

Dókítà tó ń wo bàtà aláìsàn kó tó wo ẹnu rẹ̀ wà pẹ̀lú. Ó rí i pé olówó ni, ni ohun tó yẹ kó jẹ́ eyín kan bá di eyín mẹ́fà. Aláìsàn kò lè yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ọ̀gangan ẹnu ara rẹ̀, fọ́tò X-ray tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kò yé e. Olè ni, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ẹ̀tọ́ yín ni láti ní kí dókítà fi dígí hàn yín ibi tó ń sọ, kó fi ìka tọ́ka sí i lára fọ́tò, kó sì sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá ṣe é ní ọdún yìí. Dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe kì í bínú sí ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pàjáwìrì ni, bíi ti àgbọ̀n tó wú tí kò jẹ́ kí èèyàn mí, abala 20 òfin ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ torí ohunkóhun kọ̀ ọ́, owó àsansílẹ̀ sì wà lára ohunkóhun náà. Ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá kọ̀.

Mo fẹ́ fa àwọn ẹlẹgbẹ́ mi létí díẹ̀. Òwe wa ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, bí awo ò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo á tẹ́. A máa ń fi òwe yìí bo àṣírí iṣẹ́ burúkú. Aláìsàn á wá sọ́dọ̀ mi pé eyín tí wọ́n yọ fún òun níbòmíràn kò tíì jinná láti ọjọ́ yìí. Mo yà á ní X-ray, mo rí gbòǹgbò tó ṣẹ́ kù sínú egungun. Kí ni kí n sọ? Gbòǹgbò eyín lè ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá eyín tó ti jẹrà tàbí tí gbòǹgbò rẹ̀ wọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé ó ṣẹ́, dókítà mọ̀ pé ó ṣẹ́, kò sì sọ fún aláìsàn. Ohun tí mo máa ń sọ ni ohun tí mo rí: “Gbòǹgbò kan kù síbẹ̀, òun ló ń kẹ̀.” Mi ò ní pe ẹni tó yọ ọ́ ní òpè, nítorí mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, “Kò sí nǹkan, ẹ lo oògùn yìí,” kí ẹlẹgbẹ́ mi má bàa tẹ́, èmi àti ẹni náà la jọ ṣe é. Ìgbìmọ̀ MDCN tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa ń gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ ará ìlú. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì lè bá dókítà wí, wọ́n lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí dé oṣù mẹ́fà, wọ́n sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé pátápátá.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá, tí mi ò sì rí i kà nínú ìwé àwọn Òyìnbó tí wọ́n fi kọ́ wa níwèé: ọ̀rọ̀ èjí. Ẹwà ni èjí lójú wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí láti ayébáyé. Ọmọbìnrin tí Ọlọ́run kò fi èjí fún yóò wá, á ní kí n la àárín eyín iwájú òun méjèèjì. Eyín tó pé, tí kò dùn ún, tí kòkòrò kankan kò dé. Bí mo bá fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ, èèpo ara eyín ni mo ń rẹ́ lọ. Èèpo yẹn ló le jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà lára èèyàn, bó bá sì ti lọ, kì í tún hù mọ́. Omi tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ibẹ̀ ni kòkòrò eyín á sì rí wọlé sí. Bí mo bá kọ̀, mo mọ ibi tó ń lọ: ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fi fáìlì lásán rẹ́ ẹ fún un, láìsí abẹ́rẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ṣe ṣáájú ṣì lè wà lára fáìlì náà.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ohun tí mo ń ṣe nìyí: mo kọ̀ pátápátá bó bá jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kódà bí ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, mo máa ń mú dígí, mo máa ń fi ibi tí wọ́n máa rẹ́ hàn án, mo máa ń sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí, mo sì máa ń sọ fún un pé wáyà eyín lè ti eyín méjèèjì kúrò lára ara wọn láìrẹ́ ohunkóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́, ó sì wọ́n. Mo máa ń ní kó lọ sùn lé e. Púpọ̀ nínú wọn kì í padà wá. Àwọn tó bá padà wá, tí wọ́n ṣì ní rírẹ́ ni àwọn fẹ́, n kì í ṣe é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mo le jù, pé àgbàlagbà ló ni ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ni ara rẹ̀, ó sì lè kọ ìtọ́jú tí mo bá ní kó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ fún ọwọ́ mi pé kó ba ohun tó dára jẹ́.

Ọ̀rọ̀ eyín ọmọdé náà ní àṣírí tirẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ hù, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Bí ti òkè bá ṣáájú, tàbí tí ọmọ bá bá eyín wáyé, ọ̀pọ̀ àgbà máa ń kọminú, wọ́n á ní ohun burúkú ló dé. Ìyá ọmọ á bo ọmọ náà mọ́ra wá ní ìrọ̀lẹ́, kí èrò má bàa rí i, á ní kí n yọ ọ́. Eyín òkè tó ṣáájú kì í ṣe àrùn, kò sì ní ohun tó ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. N kì í yọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń jókòó ti ìyá náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sì máa ń ní kó lọ mú ìyá ọkọ rẹ̀ wá, bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè ti ẹnu dókítà jáde. Eyín tí ọmọ bá wáyé lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: bó bá ń mì débi pé ó lè já bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun, a máa ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n a máa ń dúró kí ọmọ pé ọjọ́ mẹ́wàá tàbí kí a rí i dájú pé wọ́n ti fún un ní fítámì K, nítorí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kì í tètè dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ má ra oògùn eyín híhù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí My Pikin, omi oògùn eyín híhù tí májèlé diethylene glycol wọ inú rẹ̀ ní ìparí ọdún 2008. Ọmọ 84 ló kú. Àwọn ìyá wọn gbà gbọ́ pé àwọn ń tọ́jú wọn ni.

Ibi tí àṣírí ti ṣòro jù ni ìlú kékeré. Ẹni tó ń kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà lè jẹ́ àbúrò ọkọ aláìsàn. Ẹnu sì ni àmì àrùn kògbóògùn ti máa ń kọ́kọ́ hàn lára ẹlòmíràn, bíi funfun kan tó bo ahọ́n àti àjà ẹnu. Kí dókítà má kígbe rẹ̀ láti inú yàrá, kí ó má kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn káàdì, kí ó má tìtorí rẹ̀ lé ẹni náà lọ. Abala 26 òfin tí mo ti dárúkọ so àṣírí náà mọ́ wa lọ́rùn, òfin ọdún 2014 mìíràn sì wà tó lòdì sí fífi kòkòrò HIV yà èèyàn sọ́tọ̀. Irin tí a bá fi ẹ̀rọ sè dáadáa láàárín aláìsàn kan sí èkejì kò mọ ẹni tó ní àrùn yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Gbogbo èèyàn la gbọ́dọ̀ máa sè é fún.

Tiyín náà wà nínú àdéhùn yìí. Ẹ máa sọ òtítọ́ fún wa. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tó lóyún tí kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, àgbo tí ẹ mu láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọ. A kò ní bá yín jà lórí àgbo. A fẹ́ mọ̀ ni, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà tí a kò ní lè dá a dúró.

Mo fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ mi lónìí tí ẹ kò rán mi. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìwé tí aláìsàn ń bu ọwọ́ lù kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́nu rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n á gbé e fún un nígbà tó ti wà lórí àga, wọ́n á ní kó tẹ ìka sí ìsàlẹ̀. Ìtẹ̀ka yẹn kò sọ fún mi pé ó gbọ́ nǹkan kan. Mo ti kọ tèmi ní Yorùbá, ojú ìwé kan ṣoṣo. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí: eyín wo ni, kí ló ṣe é, ọ̀nà mélòó ni a lè gbà tọ́jú rẹ̀, kí ni ewu ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye tó jẹ́ lódindi, ta ni yóò fọwọ́ kan ẹnu yín, dókítà ni tàbí akẹ́kọ̀ọ́, àti gbólóhùn kan tó ní ẹ lè yí ọkàn padà nígbàkígbà. Yàrá ìdúró ni kí wọ́n ti kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kó tó dé orí àga, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ bó ṣe yé e.

Mi ò mọ̀ bóyá Yorùbá tí mo kọ yé ẹni tí kì í ṣe dókítà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá sí Ìrólù kí n tó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá mi ní Ṣágámù. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ bá mi kà á, kí ẹ kà á fún ara yín, ibi tí kò bá ti yé yín, ẹ fa ìlà sí i lábẹ́, kí ẹ kọ bí ẹ̀yin ì bá ṣe sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà wà lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bírò sì wà níbẹ̀.